Ìtọ́jú jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà ilé iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé owó oṣooṣù ni, àbí kí a máa pe oníṣẹ́ tó bá bàjẹ́?

Alábòójútó_Sábó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú iná ni mo gbé wá. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ dísù 20 kVA kan, ínfátà 5 kVA oní 48 V kan, bátìrì tubular (bátìrì òjé àti ásíìdì tí à ń bu omi sí) 12 V 220 Ah mẹ́rin, àti pánẹ́ẹ̀lì sólà 450 W mẹ́jọ lórí òrùlé. Jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́rin lójúmọ́. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà lára ohun tí kò gbọdọ̀ kú, torí pé láàárín 2 °C sí 8 °C ló gbọ́dọ̀ wà.

Oníṣẹ́ méjì ló mú ìwé iye owó wá. Ọ̀kan ní ká máa pe òun nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, a ó san owó ìpè àti owó iṣẹ́. Èkejì fẹ́ kí a máa san iye kan lóṣooṣù, ó bàjẹ́ o, kò bàjẹ́ o. Àwọn tó ń sanwó ń bèèrè pé kí ni àwọn ń san owó lé lórí nínú oṣù tí nǹkan kan ò bàjẹ́. Èwo ni kí wọ́n mú, kí ló sì yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn?

Mẹkáníìkì_Dísù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣirò ni yóò dá àwọn tó ń sanwó lóhùn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣe é. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ jẹ́ 120 lóṣù. Irú ẹ̀rọ dísù yìí, bó bá ti lo wákàtí 250 ni à ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀. Oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ nìyẹn, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́dún. Iṣẹ́ tí a ti mọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni, kò ní kó bàjẹ́ tàbí kó má bàjẹ́ nínú. Bí ẹ bá gba ẹni tó ní kí ẹ pe òun tó bá bàjẹ́, ta ni yóò máa wo mítà wákàtí? Ibi tí ẹ ó ti fura, wákàtí 600 ti gorí ọ́ìlì kan ṣoṣo, ọ́ìlì náà ti ki, bíárìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Owó tí wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú, orí kiráńkíṣáàfù ni yóò lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ pa á, kí ẹ tó tú bóòtì ìsàlẹ̀ ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á gbé ìdọ̀tí dání jáde. Èyí tó tutù á fi í sílẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà fílítà, ẹ fi ọwọ́ yí i títí rọ́bà á fi kan irin, kí ẹ tún wá yí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan. Ó tó. Ọ́ìlì 15W-40 ni ọ̀pọ̀ wọn ń mu. Iye lítà wà nínú ìwé ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì fi ọ̀pá ìwọ̀n wò ó pé ó wà láàárín àmì méjèèjì. Kò gbọdọ̀ kọjá ti òkè.

Bí ẹ bá pààrọ̀ fílítà dísù, afẹ́fẹ́ á wọ inú páìpù. Ẹ dẹ sìkúrù kékeré tó wà lórí fílítà, ẹ máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ títí dísù tí kò hó fùfù mọ́ á fi máa jáde, ẹ dè é padà. Ọ̀pọ̀ ìpè "kò tan mọ́ lẹ́yìn sáfíìsì" tí a ń gbọ́, afẹ́fẹ́ yìí ni. Dísù tí wọ́n ń rà nínú kẹ́ẹ̀gì náà kì í ṣàìní omi: ẹ máa tú omi ìsàlẹ̀ fílítà kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun kan tún wà tó kan ilé ìwòsàn gan-an. 20 kVA yín, tí a bá sọ ọ́ di 0.8 rẹ̀, jẹ́ 16 kW. Ẹ̀rọ dísù ò fẹ́ kí ẹrù tó ń gbé wà lábẹ́ ìdá 30 nínú 100 fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn bí 4.8 kW. Lóru tó bá jẹ́ gílóòbù, fáànù àti fíríìjì nìkan ló ń gbé, bí 1 kW sí 2 kW, inú sílíńdà ò ní gbóná tó, dísù ò ní jó tán, ẹ ó sì rí omi dúdú ọlọ́ràá tó ń kán lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Tó bá pẹ́, nọ́súù á dí, ẹ̀rọ náà ò ní lágbára mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó dáadáa. Ẹ kó iṣẹ́ ńlá jọ sí wákàtí mẹ́rin yẹn: kí bátìrì gba iná nígbà náà, kí ẹ fa omi bóhóòlù nígbà náà, kí wọ́n sì se irinṣẹ́ abẹ nígbà náà.

Ìyá_Oníyìnyín

Mo kí gbogbo yín. Ẹni tó ń gba owó oṣooṣù tí kò wá ńkọ́? Ohun tó ń lé ọlọ́jà sá fún àdéhùn nìyẹn. Wọ́n á wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á nu eruku ara rẹ̀, wọ́n á ní "ó dáa," wọ́n á gbowó, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Wáyà35

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ, ibẹ̀ gan-an ni ìwé àdéhùn púpọ̀ ti ń wó. Ẹ má san owó oṣù. Owó àbẹ̀wò ni kí ẹ san, kí àbẹ̀wò sì túmọ̀ sí nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀. "Ó dáa" kì í ṣe nọ́ńbà.

Alábòójútó, nínú ìwé àbẹ̀wò yín, ohun tí mo máa fẹ́ rí ni wákàtí tó wà lórí mítà. Ìwọ̀n ọ́ìlì àti omi rédíétọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tutù. Fọ́ọ́tì tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé jáde láìlẹ́rù àti pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú Hz rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ níṣẹ́jú àáyá kan (bí 52 láìlẹ́rù, bí 50 tó bá gbé ẹrù). Fọ́ọ́tì bátìrì tó ń tan ẹ́ńjìnì, tó yẹ kó wà ní bí 12.6 V tó bá ti sinmi, àti láàárín 13.8 sí 14.4 V tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Tí ìyẹn ò bá gòkè tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ọ̀tínétọ̀ rẹ̀ ò fún bátìrì náà ní iná, ẹ ó sì jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan bá bátìrì tó ti kú fin-ín. Lẹ́yìn náà, fọ́ọ́tì bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ínfátà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe 48 V lápapọ̀. Àpapọ̀ máa ń bo èyí tó ń ṣàìsàn mọ́lẹ̀.

Kí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan dúró tì í, kí ó fi fóònù ya ojú mítà, kí ó fọwọ́ sí i. Nígbà tó bá di oṣù mẹ́ta, ẹ to ìwé mẹ́ta náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí bátìrì kẹta bá jẹ́ 12.71 nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n. Bátìrì tó wà láàyè kì í dúró lójú kan.

Bátìrì_Akẹ̀sán

Mo kí yín láti Ọ̀yọ́ o. Wáyà35 ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí n wọlé, torí pé bátìrì ni owó ilé ìwòsàn yìí wà jù, òun náà ni wọ́n máa ń fi ojú dí.

Bátìrì 12 V mẹ́rin tí a so ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé jẹ́ 48 V. 48 × 220 fún wa ní 10,560 Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí), iye iná inú wọn. Tubular ò fẹ́ kí a fa ju ìdajì lọ bí a bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 5,280 Wh. Tí ínfátà bá mú tirẹ̀ nínú rẹ̀, bí 4,500 Wh ló kù fún yín. Bí ẹrù alẹ́ bá jẹ́ 450 W, wákàtí mẹ́wàá nìyẹn nígbà tí bátìrì ṣì wà ní tuntun. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sára ògiri yàrá bátìrì. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé wákàtí mẹ́wàá ti di mẹ́fà, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún yín pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó ń ṣàìsàn: ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn kún, ẹ gé ohun tó ń fún wọn ní iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi fún wákàtí díẹ̀. Ẹ wá gbé ẹrù tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé wọn, bíi 450 W yẹn, fún wákàtí méjì. Bí ẹrù náà ṣe wà lórí wọn, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mẹ́ta bá wà ní bí 12.4 tí ọ̀kan wà ní 11.7, òun ni. Ínfátà máa rí àpapọ̀ tó relẹ̀, á pa ara rẹ̀, olówó á sì rò pé bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti kú. Àwọn kan máa ń ta mẹ́rin fún un lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, háídírómítà, ohun tí à ń fi wọ̀n bí ásíìdì inú bátìrì ṣe le tó. Bátìrì mẹ́rin, ihò mẹ́fà mẹ́fà (yàrá kéékèèké tó ń mú iná wá nínú rẹ̀), ihò 24 ni oníṣẹ́ yóò wọ̀n. Ihò tó kún máa ń fi 1.265 sí 1.280 hàn. Bí 1.190, ìdajì ti lọ. Tí ihò kan bá fi ju 0.030 relẹ̀ sí àwọn yòókù, ẹ fún wọn ní iná àfikún tí à ń fi mú wọn dọ́gba, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tí kò bá gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ihò náà ti bàjẹ́.

Omi: omi bátìrì nìkan. Kì í ṣe omi òjò, kì í ṣe omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lójú títì. Iyọ̀ inú omi mímu ló máa ń ba àwo òjé jẹ́. Ẹ tún má fi ásíìdì kún un láé, torí pé omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ. Lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún fún iná ni à ń bu omi sí i. Tí ẹ bá ti bù ú tẹ́lẹ̀, á wú, á sì dà sórí bóòtì. Àfi tí omi bá ti fà tó bẹ́ẹ̀ tí àwo hàn síta: ẹ bu èyí tí yóò bò ó, ẹ fún un ní iná títí á fi kún, kí ẹ wá bu ìyókù. Nínú ooru oṣù kejì sí ìkẹrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ooru ni ọ̀tá bátìrì: bí yàrá bá fi 10 °C gbóná ju 25 °C lọ, ọjọ́ ayé òjé-àti-ásíìdì á dínkù sí bí ìdajì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kó bátìrì sí yàrá kan náà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀.

Ibi tí mo bẹ̀rù jù nínú ohun tí ẹ kọ ni pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ. 450 × 8 jẹ́ 3,600 W. Tí oòrùn bá mú dáadáa tí ilé ìwòsàn ò lò púpọ̀, ó lè ti ju 50 A wọ inú bátìrì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, 22 A, ni bátìrì 220 Ah fẹ́. 44 A ni kó má kọjá. Ẹ wọ inú ètò ínfátà, ẹ fi ààlà rẹ̀ sí 30 A. Kí fọ́ọ́tì ìkún rẹ̀ jẹ́ bí 57.6 V (14.4 mẹ́rin), kí ti ìsinmi jẹ́ bí 54 V, àfi tí ìwé bátìrì náà bá sọ òmíràn. Ààlà tí wọn ò fi sí i yìí wà lára ohun tó máa ń jẹ́ kí omi tètè gbẹ.

Alábòójútó_Sábó

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ní kí wọ́n lọ wo ètò yẹn, 60 A ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Oníṣẹ́ kejì ní kí wọ́n kó tubular dànù kí wọ́n ra lithium 51.2 V 100 Ah kan, pé kò ní ìtọ́jú kankan mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìbéèrè kejì: ta ló yẹ kó máa ra páàtì, àwa ni àbí oníṣẹ́?

Bátìrì_Akẹ̀sán

60 A! Ẹ wo omi wọn lónìí.

Lithium: 51.2 × 100 jẹ́ 5,120 Wh. Ó ṣeé fà dé ìdá 80 tàbí 90, ìyẹn bí 4,100 sí 4,600 Wh. Nítorí náà, ọ̀kan yẹn sún mọ́ mẹ́rin yín nínú ohun tó ṣeé lò (5,280 Wh kí ínfátà tó mú tirẹ̀), bó tiẹ̀ jẹ́ pé 10,560 ni ti òde ara tubular. Ó tún ń tètè kún. Ọjà náà dára, mi ò sọ pé kò dára. "Kò ní ìtọ́jú" yẹn ni kì í ṣe òótọ́. Omi àti háídírómítà ló lọ. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ yí ètò ínfátà padà pátápátá: ihò 16 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ kọjá 3.65 V, àpapọ̀ 58.4 V, bí 56 sí 56.8 V ni kí ẹ fi ìkún rẹ̀ sí, kí ẹ sì pa iná àfikún ìmúdọ́gba yẹn. Ẹni tó gbé lithium sórí ètò tubular, BMS (pátákó inú bátìrì tó ń ṣọ́ ọ) á máa já iná nígbàkígbà, wọ́n á ní ínfátà ló bàjẹ́. Ẹ ṣì ní láti máa de bóòtì, ẹ máa wo bí ihò 16 náà ṣe sún mọ́ra wọn lórí ojú BMS, kí wáyà tí bátìrì fi ń bá ínfátà sọ̀rọ̀ wà nípò.

Tubular yín, tí kò bá tíì ju ọdún kan lọ tó sì jẹ́ ọ̀kan ló kú, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má so tuntun mọ́ ògbólógbòó. Àwọn àgbà yẹn á fa ọmọdé náà mọ́ra. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ilé ìwòsàn ló ni òkú bátìrì. Òjé inú rẹ̀ ní iye lórí. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó tuntun. Òkú bátìrì mẹ́rin tí oníṣẹ́ "bá yín kó dànù" kì í ṣe ẹrù ìdọ̀tí.

Wáyà35

Ọ̀rọ̀ páàtì: ẹ̀yin ni kí ẹ ra á, òun ni kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Tó bá jẹ́ òun ló ń rà á, kó mú rìsíìtì wá, kó sì dá èyí tó tú kúrò padà fún yín, fílítà ẹlẹ́gbin náà. Fílítà tí wọ́n gé wò, tí ìwé inú rẹ̀ mọ́ tónítóní lẹ́yìn wákàtí 250, a jẹ́ pé kì í ṣe èyí tó wà lára ẹ̀rọ yín.

Wáyà ni ayédèrú pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà bátìrì: bàbà gidi pupa dé inú, èyí tó pupa níta tó funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń gbóná. Ínfátà yín tó bá gbé 4,000 W ní 48 V ń fa bí 95 A lọ́wọ́ bátìrì, mi ò ní gbà kí wáyà rẹ̀ kéré sí 35 mm². Ẹ fi ọwọ́ kan orí bóòtì lẹ́yìn tí ẹrù ti wà lórí rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, òun ló dẹ̀. Èérún funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó bá hù síbẹ̀, ẹ pa bíréékà ná, ẹ fi omi gbígbóná tí ẹ po sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi náà wọ inú ihò bátìrì, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ dè é, ẹ fi fásílíìnì pa á.

Bíréékà: láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti ínfátà, ti DC (iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì) ni kó wà níbẹ̀. Ti AC tí wọ́n ń lò nílé kò lè paná DC. Iná tó ń ta pàràpàrà nínú rẹ̀ ò ní kú, bíréékà náà á yọ́, á sì gbiná. Ẹ wo ara tirẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ rí i pé DC ni wọ́n kọ sí i, àti fọ́ọ́tì tó lè gbà.

Pánẹ́ẹ̀lì: eruku ọyẹ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ohun tí à ń dúró de òjò fún. Láti oṣù kọkànlá sí ìkejì, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì méjì, ní ìdájí tí gíláàsì ṣì tutù, pẹ̀lú omi mímọ́ àti aṣọ rírọ̀. Omi tútù lórí gíláàsì tí oòrùn ti gbóná lè là á. Ẹ wo ẹnu wáyà tó so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú: bí akọ bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan tí abo jẹ́ ti òmíràn, wọn ò ní mú ara wọn dáadáa, á yọ́. Kó tó di oṣù kẹta tí ààrá bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ̀n wáyà ilẹ̀, kí ẹ sì wo ojú fèrèsé kékeré ara ẹ̀rọ ìgbààrá: tó bá ti pupa, ó ti kú fún yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá_Oníyìnyín

Ẹ ò dárúkọ àwa kéékèèké. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù 2.5 kVA fún fíríìsà ẹja kan, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ṣé òun náà á wọ inú àdéhùn ni?

Àgbà_Rẹwáyà

Rárá, Ìyá wa. Ẹ kọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù yín ní mẹ́rin nínú rẹ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́ fún ìyókù lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta.

Ẹ́ńjìnì tó wà lára irú èyí, 163 cc, lítà 0.6 ni ọ́ìlì rẹ̀. Tuntun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, torí pé èérún irin wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wákàtí 100 kọ̀ọ̀kan. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ túmọ̀ sí ọjọ́ 16 tàbí 17. Kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Ẹ máa fọ fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní wákàtí 50, lọ́jọ́ ọyẹ́ kí ẹ dín in sí 25: kàn-ìn-kàn-ìn náà, ọṣẹ àti omi, ẹ gbẹ ẹ́ pátápátá, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, ẹ fún un. Púlọ́ọ̀gì, ẹ tú u, ẹ fi gééjì wọ̀n ẹnu rẹ̀, 0.7 sí 0.8 mm. Tó bá dúdú gbígbẹ, epo pọ̀ jù tàbí fílítà dí. Tó bá tutù pẹ̀lú ọ́ìlì, ríìngì ti ń jẹ. Ìkẹrin, tí yóò bá jókòó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ ti páìpù epo pa kí ẹ jẹ́ kó fi ara rẹ̀ kú, kí epo má baà gbẹ mọ́ ihò kabúrétọ̀.

Ti oníṣẹ́ ni fáàfù: 0.15 mm ní ti ìwọlé, 0.20 mm ní ti ìjáde, nígbà tí ẹ̀rọ tutù. Àwọn tó ní kékeré tí à ń pò ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, 20 ml sí lítà kan.

Tó bá ń ṣiṣẹ́ tí kò gbé iná wá, ẹ wo bíréékà rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà bọ́rọ́ọ̀ṣì (kábọ́ọ̀nù kékeré tó ń gbé iná wọ inú ohun tó ń yí), lẹ́yìn náà AVR (pátákó tó ń ṣàkóso fọ́ọ́tì rẹ̀). Oníṣẹ́ á yọ AVR kúrò, á fi wáyà bátìrì 12 V kan ara bọ́rọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta bí ẹ̀rọ ṣe ń yí, rere sí rere. Tí mítà bá gòkè, wáyà inú rẹ̀ wà dáadáa, AVR ló kú. Tí kò bá gòkè rárá, ọ̀rọ̀ ti di ti wáyà inú. Ẹni tó bá rí fọ́ọ́tì tó relẹ̀ tó wá ń yí sìkúrù ìyára kó lè gòkè, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀: ìyípo 3,000 níṣẹ́jú kan ló ń fún wa ní 50 Hz, ohun tó bá fi púpọ̀ ju ìyẹn lọ á jó mọ́tò fíríìsà.

Kí jẹnẹrétọ̀ náà sì jìnnà sí ẹnu ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì jí ẹni tó ń sùn.

Mẹkáníìkì_Dísù

Ẹ̀yin oníṣẹ́ tó ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa náà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, tí owó iná àwọn oníbàárà Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún) sì fò sókè lóṣù kẹrin 2024, àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Under G ń sáré lọ sídìí sólà. Iṣẹ́ kabúrétọ̀ ń dínkù, ti bátìrì àti ínfátà ń pọ̀ sí i. Ẹni tí kò ní háídírómítà àti mítà DC tó ń gbá wáyà mú láìtú u, kó má gba àdéhùn ínfátà.

Ẹ má fi ojú bu iye tí ẹ ó gbà. Oníṣẹ́ kan àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè dé ibi méjì lójúmọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 fún wa ní àbẹ̀wò 44. Ìpè òjijì á gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ọjọ́ òjò á gba díẹ̀. Oníbàárà 25 ni mo rò pé èèyàn lè mú láìpurọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pín owó ọkọ̀, owó ọmọ iṣẹ́, irinṣẹ́ àti oúnjẹ yín sí 25 kí ẹ tó dárúkọ iye. Kí owó iṣẹ́ dúró fún ọdún kan, kí owó páàtì má dúró. Ẹni tó bá kó ọ́ìlì àti fílítà ọdún kan sínú iye kan ṣoṣo, tí owó ọjà bá gun, wákàtí 400 ni yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì kó lè jèrè. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ tó bí 50 km. Ẹ má ṣe ìlérí wákàtí méjì fún oníbàárà tó wà ní Ọ̀yọ́ tí ẹ ò bá ní ẹnì kan níbẹ̀.

Alábòójútó_Sábó

Ohun tí mo kọ sínú ìwé nìyí, ẹ bá mi wò ó. Àbẹ̀wò kan lóṣù, owó rẹ̀ di sísan tí ìwé nọ́ńbà bá ti pé tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Sáfíìsì dísù ní wákàtí 250 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ihò 24 bátìrì lóṣooṣù, ìdánwò ẹrù lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Páàtì pẹ̀lú rìsíìtì, èyí tó ti gbó padà sọ́wọ́ wa. Òkú bátìrì jẹ́ tiwa. Ọ́ìlì tó ti dú, òun ni yóò gbé e lọ nínú kẹ́ẹ̀gì, kò gbọdọ̀ dà á sí gọ́tà. Ìpè òjijì, wákàtí méjì lọ́sàn-án, mẹ́ta lóru. Kí ló ṣẹ́ kù?

Wáyà35

Ó dára púpọ̀. Ẹ fi mẹ́ta kún un. Kí ẹni tó máa fọwọ́ kan wáyà ilé ní ìwé ẹ̀rí NEMSA (àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò), kí ẹ sì rí i pẹ̀lú ojú yín. Kí ṣéńjóófà jẹ́ irú èyí tí NEPA àti jẹnẹrétọ̀ kò lè jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí iná jẹnẹrétọ̀ yín má baà pa ẹni tó wà lórí òpó iná lẹ́yìn ilé.

Ìkẹta, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́ abẹ, kí oníṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé iná NEPA. Kí ó ka ìṣẹ́jú àáyá tí ínfátà fi gba ẹrù, kí ó pa sólà, kí ó fi ìdajì wákàtí wo fọ́ọ́tì bátìrì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó wá tan jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀. Kí fíríìjì abẹ́rẹ́ wà lórí bíréékà tirẹ̀ nìkan lẹ́yìn ínfátà, kí nọ́ọ̀sì kọ ìgbóná inú rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀ sórí ìwé kan náà.

Alábòójútó_Sábó

Mo ti kọ ọ́. Oníṣẹ́ kejì ló gbà láti fọwọ́ sí i. Ó ní kí a yí "mẹ́ta lóru" sí mẹ́rin, a sì gbà fún un.